Òǹkà Inú Àpòòwé

Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́, ẹ sì kú ooru, nítorí Màámi sọ fún mi pé iná kò tíì wọ Ṣómólú láti ọjọ́ mẹ́fà. Òtútù ni tiwa níbí. Tí mo bá bọ́ ìbọ̀wọ́ kí n lè ṣílẹ̀kùn, mi ò ní mọ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ara mi le, ẹ má ṣe àníyàn.

Mo ní ìròyìn kan tí mo fẹ́ kó dájú kí n tó sọ fún yín. Mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń yẹ omi ìlú wò kí aráàlú tó mu ún. Lọ́sàn-án, mo ṣì ń tọ́jú àwọn arúgbó mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n kó wa wọ láàbù, wọ́n sì gbé bùrẹ́ẹ̀tì síwájú mi, ọ̀pá dígí gígùn yẹn. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti fojú kàn án kẹ́yìn. Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ fún mi nígbà tí èsì ìdánwò àṣejáde mi dé: "Awwal, ọwọ́ rẹ ni kò balẹ̀." Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Nígbà tí yunifásítì kò fún mi ní ìpoògùn, tí wọ́n ní kí n lọ kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ilé ìkàwé, mi ò jiyàn, torí mo ti gbà pé Ọlọ́run kò dá ọwọ́ mi fún kẹ́mísírì.

Mo ṣí ẹnu bùrẹ́ẹ̀tì, mo jẹ́ kí ásíìdì máa kán sínú omi sódà títí àwọ̀ fi yí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ni òǹkà mi, ìyẹn ìwọ̀n ásíìdì tó kán, bára mu. Olùkọ́ wa, obìnrin àgbàlagbà kan, ní ọwọ́ mi ló dáa jù nínú kíláàsì. Mo sọ fún un pé mo ti ṣe é rí, mo sì kùnà. Ó bi mí pé òǹkà wo ni mo rí nígbà náà. Mi ò ronú kí n tó dáhùn, nítorí mi ò gbàgbé rí: 28.10, 28.10, 28.00. Ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò balẹ̀ kì í rí òǹkà mẹ́ta tó sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó po ásíìdì.

Ẹ̀yin lẹ pò ó, Bàbá. Ẹ̀yin náà lẹ ṣe tiyín lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin, tí ẹ kọ òǹkà yín sínú àpòòwé, tí àjọ ìdánwò wá fi òǹkà olùkọ́ yẹn wọn ti gbogbo wa. Mo mọ̀ pé ẹni tí tirẹ̀ bá jìnnà sí ti olùkọ́ kò ní rí máàkì gbà. Mo kàn fẹ́ mọ bí tèmi ṣe jìnnà tó. Òǹkà mélòó lẹ kọ?

Ẹ bá mi kí Màámi, kí ẹ sì kí Hameedat. Mo gbọ́ pé ní oṣù Karùn-ún lòun náà máa ṣe ìdánwò tirẹ̀, nínú láàbù yín kan náà. Ọlọ́run á jẹ́ kó yege.

Èmi ni ọmọ yín,
Awwal.


Ṣómólú, Èkó
Ogúnjọ́, oṣù Kejì, 2025

Awwal, Àkànó, ọmọ mi,

Wà àlékùmù sàlámù. Ilẹ̀ òkèèrè kò ní mú ọ, òtútù kò ní wọ egungun rẹ, ẹni tí o ń tọ́jú kò ní kú sí ọ lọ́wọ́. Àmín.

Ọ̀dọ̀ Oyinkọ́lá, ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé ní Onípáànù, ni mo ti gba lẹ́tà rẹ. Mo ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, ó sì gba odidi ìwé mẹ́rin. Ó ní ṣé lẹ́tà ni àbí ìpolówó ọjà. Jẹ́ kó máa gba ibẹ̀ wá bẹ́ẹ̀. Má fi ọ̀rọ̀ sórí fóònù mi, mi ò fẹ́ kí Hameedat máa ka ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ sí mi létí.

Inú mi dùn sí ilé ẹ̀kọ́ tuntun. Ẹni tó ń yẹ omi ìlú wò, ẹ̀mí ìlú ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkà ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn wo lo tún ń bi mí? Ó lé ní ogún àpòòwé tí mo ti kọ nínú iṣẹ́ yìí. Òyìnbó obìnrin tó ń kọ́ ọ yẹn, ṣé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni? Èmi wà níbẹ̀. Òógùn bò ọ́, o ń wo aago, ọwọ́ rẹ sì ń gbọ̀n. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé náà. Omi ti dànù, agbè kò fọ́, o wà ní Kánádà, o ń jẹun. Kí ló kù?

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni pé kí o pe àbúrò rẹ. Orin ló ń fi etí gbọ́ láti àárọ̀ di alẹ́, ó sì ní ìpoògùn lòun fẹ́ kà. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ pé ọjọ́ wo lo máa yọjú. Ọdún kẹfà rèé. Nígbà tí a sin ìyá mi, orúkọ rẹ nìkan ni wọ́n kà, ojú rẹ kò sí níbẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́.

Bàbá rẹ,
Ṣàkírù.


Winnipeg
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo kí Màámi.

Olúmúyìwá pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ mọ̀ ọ́n, èmi àti òun la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan láti ìgbà tí a ti wọ ilé ẹ̀kọ́ yín ní Pedro. Ó ti di apoògùn ní Abẹ́òkúta. À ń ṣàwàdà, mo wá sọ fún un bí mo ṣe ń fi ọwọ́ mi tí kò balẹ̀ yìí gba máàkì nílùú òyìnbó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Awwal, ṣé o fẹ́ máa ṣe mí ní wàyó ni? Ṣé kì í ṣe ẹ́kísípò, ìdáhùn tí bàbá ẹ fún wa ṣáájú, la jọ kọ? 24.80. Gbogbo wa la gbà á jàre. A rò pé ìwọ lo kọ́kọ́ gbà á."

Mi ò gbà á. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Mo bi í pé ìgbà wo lẹ fún wọn. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, lẹ́yìn láàbù, ẹ ń pín ìwé pélébé fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá, mo rántí àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ ní aago láàbù ti kú, kí n lọ ra bátìrì wá. Mo fẹsẹ̀ sáré láti Pedro dé Onípáànù, mo tún sáré padà, inú mi sì ń dùn pé nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èmi lẹ rán. Ìdí nìyẹn tí òógùn fi bò mí.

Mi ò bínú pé ẹ kò fún mi ní ẹ́kísípò. Tí ẹ bá fún mi, bóyá mi ò ní gbà á. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo gba ìdánwò náà gbọ́. Mo gba ásíìdì gbọ́, mo gba sódà gbọ́, mo sì gbà yín gbọ́. Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ. Àwọn tí kò wo bùrẹ́ẹ̀tì wọn rárá gba máàkì, èmi tí mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta gba òdo.

Báwo ni 24.80 ṣe dé inú àpòòwé yín nígbà tó jẹ́ pé 28.10 ló wà nínú ìgò? Ṣé ẹ ṣe tiyín lóòótọ́? Ẹ dá mi lóhùn, Bàbá. Mi ò béèrè nǹkan mìíràn.

Awwal.


Winnipeg
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹrin, 2025

Bàbá mi,

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Màámi ní ara yín le, ẹ ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ sì ń jẹun. Oyinkọ́lá náà sọ fún mi pé ẹ ti wá gba lẹ́tà mi láti ọjọ́ kẹwàá oṣù tó kọjá. Ẹ ti kà á nígbà náà. Ẹ kàn ń wò mí níran ni.

Ìdánwò Hameedat ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀yin lẹ máa po ásíìdì rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa kọ òǹkà. Tí mi ò bá gbọ́ ohùn yín kí oṣù yìí tó parí, màá kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín. Ọmọ kì í fi bàbá rẹ̀ sùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún mi.

Awwal.


Ṣómólú
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹrin, 2025

Awwal,

Mo kí ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya. Oyinkọ́lá ní ṣé obìnrin kan ni mò ń bá jà.

Ojú mi ni. Ní ọdún 2011, lẹ́yìn àìsàn tí wọ́n fi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọbaníkòró, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ọsàn di ọ̀kan náà fún mi. Mo ń rí ènìyàn, mo ń rí pátákó, ṣùgbọ́n tí omi inú ìgò bá yí àwọ̀ padà, mi ò ní mọ̀. Olùkọ́ kẹ́mísírì tí kò rí àwọ̀, kí ló kù tó fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá rẹ. Ìwọ ni mo fi ń ríran. Ṣé o rántí bí mo ṣe máa ń pè ọ́ síwájú kíláàsì, tí màá ní, "Àkànó, wò ó dáadáa, ṣé ó ti yí?" O máa ń rò pé mò ń dán ọ wò ni. Mi ò dán ọ wò rí. Mò ń béèrè ni.

Lọ́jọ́ ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ ni ìwọ náà, mi ò lè pè ọ́. Mo ti fi bírò ṣe ìṣirò láti òwúrọ̀: bí ásíìdì bá le tó báyìí, tí sódà sì pọ̀ tó báyìí, 25 ló yẹ kó jẹ́. Mo yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ kó lè jọ òótọ́. Ọ̀gá ní kí n fún àwọn ọmọ, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún, mo sì fún wọn. Mi ò fún ọ torí mo fẹ́ kí ẹnì kan wà nínú ilé ẹ̀kọ́ yẹn tí máàkì rẹ̀ máa jẹ́ tirẹ̀. Ìgbéraga bàbá ni.

Ìgò ásíìdì tí mo lò ti pẹ́, ọmọrí rẹ̀ kò dé dáadáa, agbára rẹ̀ ti fẹ́ lọ. Ásíìdì tó bá ti rọ̀, ó máa ń pọ̀ kó tó ká sódà. 28.10 tìrẹ ni òótọ́. Ọwọ́ rẹ kò gbọ̀n.

Èyí tó kù yìí ni mi ò fẹ́ kọ. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gba ẹ̀yìn rẹ kọjá, mo wo ìwé rẹ, mo rí òǹkà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ásíìdì mi ti kú. Àpòòwé ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì lẹ̀ ẹ́. Tí mo bá kọ tìrẹ sínú rẹ̀, ọmọ mẹ́rìndínlógójì ni yóò pàdánù, torí tèmi ni wọ́n kọ. Mo gbé ọmọ kan sí apá kan, mo gbé ọmọ mẹ́rìndínlógójì sí apá kejì. Mo lẹ àpòòwé náà.

Mo rò pé o máa là á já. O sì là á já. Dárí jì mí.

Bàbá rẹ.


Winnipeg
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ojú. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, ojú yín dùn mí. Ká ní ẹ ti sọ fún mi nígbà náà, mi ò ní jẹ́ kí ẹ dá a gbé.

Ṣùgbọ́n ẹ rí i. Ẹ dúró lẹ́yìn mi, ẹ ka òǹkà mi, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni, ẹ sì lọ lẹ àpòòwé. Ẹ wá bá mi dúró de èsì fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí èsì dé, tí mo jókòó sórí àkàsọ̀ tí mò ń sunkún, ẹ fi ọwọ́ lé mi léjìká, ẹ ní ọwọ́ mi ni kò balẹ̀. Bàbá, kí ló dé? Ẹ lè ní kádàrá ni. Ẹ lè ní èèṣì ni. Ẹ lè dákẹ́. Èwo ni kí ẹ gbé ẹ̀bi yín lé mi lọ́wọ́ kí n máa gbé e kiri? Láti ọdún náà, tí mo bá fẹ́ da omi gbígbóná sínú kọ́ọ̀bù, ọwọ́ òsì mi ni mo fi ń di ọ̀tún mú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Ẹ ní kí n dárí jì yín. Mi ò tíì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó máa jẹ́ kí n lè ṣe é. Ẹ lọ bá ọ̀gá yín kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ ojú yín. Kí Ọ̀gbẹ́ni Adéníjì, tíṣà kékeré tí Hameedat sọ pé ó ń kọ́ wọn ní físíìsì, fojú ara rẹ̀ ṣe òǹkà olùkọ́. Kí ẹ má pín ìwé fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn kọ ohun tí wọ́n bá rí.

Ẹ má jẹ́ kí Hameedat gbọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò yẹ kó máa ro tiwa nígbà tó ń kàwé.

Awwal.


Ṣómólú
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Karùn-ún, 2025

Awwal, ọmọ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùm. Má bínú pé ó pẹ́. Mo fẹ́ kí ìdánwò parí kí n lè fún ọ ní èsì tó yanjú.

Mo lọ bá ọ̀gá wa, Ìyáàfin Tabitha. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ojú mi fún un. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin kẹ̀? Ọdún mẹ́rìnlá lẹ fi ń pa á mọ́ fún mi, ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká wọ exam, ẹ ń sọ ọ́. Gbogbo Bàrígà ló mọ̀ pé ibí ni wọ́n ti ń pass chemistry. Ta ló fẹ́ mú ọmọ ẹ̀ wá síbi tí tíṣà chemistry ò ti rí colour? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní òǹkà bẹ́ ẹ ṣe máa ń fún wọn. Lẹ́yìn exam, a máa jókòó sọ̀rọ̀." Kò jẹ́ kí n dárúkọ Adéníjì tán.

Mo fún wọn. 24.60 ni mo ṣírò lọ́dún yìí. Ọmọ méjìlélógójì ni wọ́n, mo fún mọ́kànlélógójì. Hameedat nìkan ni mi ò fún. Mo ní kó lọ dúró ti bẹ́ǹṣì rẹ̀, kó kọ ohun tí ojú rẹ̀ bá rí.

Nígbà tó ṣe é tán, mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, mo fojú mọ́ ìwé rẹ̀ kí n tó kà á. 22.30, 22.30, 22.20. Ìgò tuntun ni mo rà, ṣùgbọ́n mi ò rí ìlà ara ìgò ìwọ̀n dáadáa mọ́, mo ti da ásíìdì lé. Ó ti le jù, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ká sódà. Mo padà síbi tábìlì mi, mo mú àpòòwé, orúkọ rẹ ni mò ń pè nínú ọkàn mi. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ tèmi kọ́ ló máa sunkún. Mo kọ 22.30, mo lẹ̀ ẹ́.

Mo ti san án fún ọ, Awwal. Ohun tí mi ò ṣe fún ọ ni mo ṣe fún àbúrò rẹ. Nígbà tí mo délé, mo jẹ ẹ̀bà mo tún bù sí i, ìyá rẹ ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ní báyìí, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kú, kí o sì wá rí wa nígbà Iléyá ọdún tó ń bọ̀.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ṣàkírù.


Winnipeg
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, 2025

Bàbá mi,

Mo ka lẹ́tà yín títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Èyí kọ́ ni mo bẹ̀ yín.

Ẹ ní ẹ san án fún mi. Ọmọ ọlọ́mọ mọ́kànlélógójì lẹ fi san án. Jọmílójú, ọmọ ìyá tó ń ránṣọ ní ojúlé kejì sí wa, wà nínú wọn. Òun ló ń bá Màámi gbé omi gòkè. Ó na ọwọ́ gba ìwé lọ́wọ́ yín torí ẹ̀yin ni tíṣà rẹ̀. Ó kọ ohun tí ẹ ní kó kọ, ẹ wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ kọ nǹkan mìíràn sínú àpòòwé. Mo mọ bí oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ yìí ṣe máa rí fún un. Mo mọ ọjọ́ tí èsì máa dé. Kí lẹ fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ náà? Ṣé ọwọ́ tirẹ̀ náà kò balẹ̀?

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì àjọ ìdánwò kí wọ́n tó ṣí àwọn àpòòwé, kí ẹ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ojú yín, ìwé pélébé, òǹkà méjèèjì. Tí ẹ kò bá lọ, tó bá fi di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí, èmi á kọ̀wé sí wọn fúnra mi, màá sì fi lẹ́tà yín tì í. Ẹ kò ní lè sọ pé mi ò kìlọ̀.

Mo mọ̀ pé ó lè kan Hameedat. Ọmọ ilé wa ni, á yé e.

Awwal.


Ṣómólú
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, 2025

Bùọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ kò retí lẹ́tà mi. "Kàwé o" nìkan lẹ máa ń kọ sí mi lórí fóònù, èmi náà á sì dáhùn pé mò ń kà á. Mo ń kà á lóòótọ́. Orin tí Bàbá ní mò ń gbọ́ yẹn, ẹni tó ń ṣàlàyé kẹ́mísírì ló wà létí mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún, Bàbá ní kí n mú àwọn lọ sí ọ́fíìsì kan torí àwọn kò rí orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ kà mọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì ni. Mo di ọwọ́ wọn mú gòkè àtẹ̀gùn. Mo jókòó níta fún wákàtí méjì, mo ra gúgúrú, mo jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ń sunkún, mo rò pé àwọn ará ọ́fíìsì kò fẹ́ fún Bàbá ní owó wọn ni. Èmi ni mo ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.

Wọ́n ti fagi lé kẹ́mísírì gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wa, àwa méjìlélógójì. Kò sí pé ta ló gba ìwé, ta ni kò gbà. Ọ̀gá ti ní kí Bàbá má wá mọ́. Jọmílójú kì í kí mi. Ìyá rẹ̀ jáde síta lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní tíṣà fi ọmọ àwọn sílẹ̀, ó mú tirẹ̀, nígbà tí kò sì yọrí sí rere fún un, ó lọ tú gbogbo rẹ̀ dànù. Màámi wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ohun tí ìyá Jọmílójú ń sọ. Mo bi Bàbá, wọ́n ní kí n máa ṣe sùúrù, pé ẹ máa ṣàlàyé fún mi.

Oyinkọ́lá ló ṣàlàyé fún mi. Mo lọ tẹ nǹkan ní Onípáànù, ó ní ẹ kú ìfaradà, ó ní ìdílé yín mà lágbára o. Ó rò pé mo mọ̀. Láti oṣù Kejì ló ti ń ka lẹ́tà yín, bó ṣe ń tẹ tiyín jáde ló ń fi ti Bàbá ránṣẹ́ sí yín. Ó jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, láti orí bátìrì aago dé orí 22.30. Ẹni tó ń tẹ̀wé ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ayé mi, èmi kò mọ̀.

Bùọ̀dá mi, ohun tí Bàbá ṣe fún yín burú. Mo sunkún nítorí yín níwájú Oyinkọ́lá. Mi ò sì sọ pé kò yẹ kí wọ́n lọ jẹ́wọ́. Ká ní ẹnì kan nínú yín pè mí, kó ní, "Hameedat, báyìí ló rí, báyìí ló máa kàn ọ́," bóyá èmi gan-an ni ǹ bá sọ pé ká lọ. Ǹ bá mọ ibi tí mò ń di ọwọ́ Bàbá mú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé nípa mi fún oṣù márùn-ún, ẹ̀yin pẹ̀lú Bàbá, ẹ jà, ẹ bẹ ara yín, ẹ dájọ́, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè. Ẹ ní ọmọ ilé wa ni mí, á yé mi.

Ó yé mi. Bàbá ní nítorí mi làwọn ṣe kọ òǹkà mi sínú àpòòwé. Ẹ̀yin náà ní kí irú tiyín má bàa ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mìíràn lẹ ṣe ní kí wọ́n lọ tú u. Ẹni tó ba tiyín jẹ́, ó kéré tán, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì lè bínú sí i. Ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ràn mi. Bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mo ṣe ìdánwò yẹn bó ṣe yẹ, èmi náà ni màá tún jókòó ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀.

Hameedat.